Bí Palẹ̀mọ́ Ṣe Jáde Lórúkọ Wa

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí ẹ máa ń bi mí pé, "Ìyá Géèmù, ṣé iṣẹ́ yìí ń bọ́ èèyàn?", mo ti gbọ́ o. Ó ń bọ́ èèyàn. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé nítorí oúnjẹ nìkan ló fẹ́ máa ṣe géèmù, kó yáa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan búrẹ́dì. Agége là ń gbé, búrẹ́dì kì í kù nílẹ̀ níbí. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe lo ayé mi nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹ lè fi tèmi wo tiyín. Ibi tó bá gùn, ẹ fara dà á. Mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń lé mi.

Ràfíátù lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, Agége ni wọ́n bí mi sí, nítòsí ojú irin rélùwéè. Lórí ojú irin yẹn gan-an ni ìyá mi ti ń ta ata, òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn mìíràn, kó tó di pé wọ́n mọ ọgbà yí i ká. Ẹ̀yin ò bá a. Orí irin là ń pàtẹ sí. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fun fèrè lókèèrè, ẹnì kan á kígbe pé, "Ẹ palẹ̀ mọ́ o!", gbogbo ọjà á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, agbọ̀n á lọ sókè, tábìlì á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ á gba àárín wa kọjá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tó pòórá, ata ti padà sórí irin. Èmi rò pé bí wọ́n ṣe ń ná gbogbo ọjà ayé nìyẹn.

Nígbà tí mo jáde ìwé, bàbá mi fẹ́ kí n lọ kọ́ aṣọ rírán. Mo ní ẹ̀rọ ni mo fẹ́ máa tún ṣe. Ariwo ta nínú ilé wa, àfi bí ẹni pé mo ní mo fẹ́ lọ máa jalè. Àbúrò ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n, òun ló sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Múfú. Mo kúnlẹ̀, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn.

Ọ̀gá Múfú ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn. Yàrá iwájú jẹ́ ilé géèmù wọn: tẹlifíṣọ̀n bíi mélòó kan, ẹ̀rọ géèmù lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n di páàdì mú, wọ́n ń gbá géèmù, wọ́n ń bú ara wọn. Àwa ọmọṣẹ́ là ń tún páàdì tó bá bàjẹ́ ṣe. Ọ̀gá kì í nani. Ìbá sàn kí wọ́n nà wá. Bí o bá tún páàdì kan ṣe tán, tí o sì gbé e wá pẹ̀lú ìyàǹgàn, wọn ò ní dán an wò. Wọ́n á nà án sí oníbàárà tó bá kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á wá yíjú sí ọ, wọ́n á ní, "Gbómi sẹ́nu."

Ìjìyà wa nìyẹn o. Wàá bu omi kún ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á yọ bí ẹni tí eyín ń dùn, wàá dúró sẹ́yìn oníbàárà náà títí tí yóò fi gbá géèmù rẹ̀ tán. O ò gbọdọ̀ gbé e mì, o ò gbọdọ̀ tu ú dànù. Bó bá ń tẹ ibi tí kò yẹ, o ò lè sọ fún un. Bí páàdì bá ń ṣe ségesège, o ò lè ṣàwáwí. Ojú rẹ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ.

Lọ́jọ́ kan inú bí mi. Mo gbé omi náà mì, mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ tilẹ̀ fẹ́ ká rí kọ́ nínú omi yìí?"

Wọn ò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń jó òjé sí. Wọ́n ní, "Bí o bá ta ọjà fún oníbàárà, ṣé wàá bá a délé, kí o lọ máa sọ fún un pé tẹ ibí, má tẹ ọ̀hún? Ohun tó bá nílò ẹnu ẹ kó tó ṣiṣẹ́, kò tíì ṣiṣẹ́. Lọ bu omi míì."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìkan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni kan ń gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n, ó gbá bọ́ọ̀lù wọ ilé ara rẹ̀, ló bá fò sókè, ó ń jó, ó rò pé òun ló jẹ góòlù. Ẹ̀rín gbà mí. Gbogbo omi ẹnu mi ló dà sí i lọ́rùn. Ọ̀gá ní kí n fi ìborùn mi nu ọrùn ọ̀gbẹ́ni náà, kí n bẹ̀ ẹ́, kí n sì padà sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú omi tuntun.

Inú yàrá yẹn ni ìfẹ́ kan ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Kò sí géèmù tí a tan tí kì í kọ́kọ́ gbé orúkọ àwọn tó ṣe é jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kì í kà á, wọ́n á ti máa tẹ páàdì kó tètè kọjá. Èmi ń kà á. Mo mọ orúkọ àwọn òyìnbó àtàwọn ará Ìlà Oòrùn yẹn lórí bí mo ṣe mọ Fátíhà. Ẹ̀dùn ọkàn kan á sì máa mú mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí, nílùú tí mi ò dé rí, ṣí géèmù tí mo fọwọ́ mi ṣe, kí orúkọ mi sì jẹ́ ohun tó kọ́kọ́ yọ sí i lójú. Kò sí ohun mìíràn tí mo lé nínú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo bínú, pé mo sunkún, pé mo pariwo nínú ìtàn yìí, ohun tó fà á nìyẹn.

Mo gba fírídọ̀ọ̀mù, wọ́n ṣàdúà fún mi, mo di ọ̀gá ara mi. Ní ti irinṣẹ́, ẹ ò lè mọ bó ṣe yí padà tó. Irin gbígbóná tí a fi ń jó òjé ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Géèmù wà nínú káséètì nígbà náà, bí kò bá ṣiṣẹ́, a ó fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Lẹ́yìn náà ni sídíì dé, a ń fi etí aṣọ nù ún. Lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà kó kọ̀ǹpútà àlòkù jáde, mo ra ọ̀kan, mo gbé e lé orí tábìlì tí mo ti ń jó òjé, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé àti ayélujára inú káfè kọ́ ara mi ní bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù. Mo ń ṣe géèmù sórí fóònù onítẹ̀-bọ́tìnnì. Bí mo ṣe wá mọ ìyẹn dájú, ayé ní fóònù tí wọ́n ń fọwọ́ rá ló kù. Gbogbo ìgbà tí ọwọ́ mi bá ti mọ irinṣẹ́ kan ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Irinṣẹ́ á lọ, ojú tí ẹ fi ń wo oníbàárà kò ní lọ.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun mímu gbà mí pé kí n ṣe géèmù kan tí ìgò ti ń fò. Mo ṣe é, ìgò fò, wọ́n sanwó, orúkọ wọn ló wà níwájú, orúkọ mi ò sí níbì kankan. Mo ṣe irú rẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ má bi mí léèrè owó rẹ̀, mo ti ná an.

Délé ni mo wá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, ayàwòrán sì ni. Mo ń kọjá lọ́jọ́ kan, mo rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó ya àgùntàn sí i, ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn náà sì la ojú mọ́ mi bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Mo dúró.

Mo ní, "Ta ló ya àgùntàn yìí?"

Ọkùnrin kan tó wọ sùtánà, tí kò wọ bàtà, sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. "Èmi ni, mà."

"Kí ló ń bí i nínú?"

"Wọn ò tíì fún un lóúnjẹ, mà."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó wá máa bá mi ya géèmù. Ó ní òun ò mọ géèmù. Mo ní ó mọ àgùntàn. Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń ṣiṣẹ́, òun ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, èmi ń pè é ní Wòlíì nígbà tí mo bá fẹ́ bú u.

A gba yàrá kan ní Àgídìngbì, lókè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láílọ́ọ̀nù. Ohun tó mú wa gbà á ni pé iná wọn kì í lọ. Bí ti ìjọba bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wọn á gbéra. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo ilẹ̀ yàrá wa ló ń gbọ̀n. Délé kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró kí ẹ̀rọ sinmi kó tó ya ojú àti imú. Ara àwòrán tó kù, ó lè yà á nínú ìgbọ̀n.

Inú yàrá yẹn la ti ṣe Palẹ̀mọ́. Ọjà orí ojú irin Agége ni. Ìwọ lo ni àtẹ. O ń pàtẹ, oníbàárà ń dé, o ń tà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bọ̀, o gbọ́dọ̀ palẹ̀ mọ́ kó tó dé. Bí o bá tètè palẹ̀ mọ́ jù, o ò ní rí tà. Bí o bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á sọ ata rẹ di ọbẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Géèmù tó bá dùn, gbólóhùn kan lèèyàn fi ń sọ ọ́.

Ìgbà tó tó láti dán an wò, mo sọ fún Délé pé omi la ó gbé sẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ètùtù ni?" Mo ṣàlàyé Ọ̀gá Múfú fún un. Ó gbà. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì tí èmi ò lè gbé omi sẹ́nu, pẹ́ńsù ni mo fi sáàárín eyín. Àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ la máa ń pè gòkè wá gbá a. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń gé láílọ́ọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin gbá a ní gbogbo ìgbà. Mo fẹ́ kú. Fèrè ń dún, kò sá! Omi wà lẹ́nu mi, mi ò lè kígbe. Ìgbà tó yá ló yé mi: ariwo ẹ̀rọ ti kún etí rẹ̀, kò gbọ́ fèrè rárá. Mélòó nínú àwọn tó máa gbá géèmù wa ló máa wà níbi tó dákẹ́? A wá jẹ́ kí òkúta wẹ́wẹ́ ojú irin máa jó kí ọkọ̀ tó yọ. Ohun tí àwọn èèyàn wá fẹ́ràn jù nínú géèmù náà nìyẹn, ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kí géèmù tó dé ọwọ́ aráyé, ó gbọ́dọ̀ wọ ìsọ̀ orí fóònù, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń gbà á. Kí o tó lè gbé ọjà sínú ìsọ̀ náà, o gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì níbẹ̀. A gbìyànjú, wọn ò gba káàdì báǹkì wa. A tún gbìyànjú, wọ́n ní àdírẹ́sì wa kò yé wọn. Nígbà náà, ohun tí gbogbo àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí máa ń ṣe ni pé a ó wá ẹbí kan ní ìlú òyìnbó, a ó fi àkáǹtì tirẹ̀ gbé e jáde. Délé ní ẹbí kan níbẹ̀, Kúnlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Kúnlé kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní, "Ẹ gbé e wá, Ẹ̀gbọ́n, ti yín ni." Lórúkọ Kúnlé ni Palẹ̀mọ́ ṣe jáde. Mo wò ó, ó dùn mí díẹ̀, mo ní kò burú, ká ṣáà kọ́kọ́ wọlé ná.

Géèmù náà gbilẹ̀. Àwọn ọmọ Agége gbá a, àwọn tó ti kó lọ sí òkè òkun gbá a, wọ́n ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó rán àwọn létí ilé. Àwọn tí kò mọ Agége rí náà ń gbá a, wọ́n ń bínú sí ọkọ̀ ojú irin. Mo máa ń ka ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́.

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, oníbàárà kan pè mí. "Ìyá Géèmù, géèmù yín dà?" Mo wò ó. Kò sí nínú ìsọ̀. Mo wá a, mo tún un wá, kò sí. A pe Kúnlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló ń wí. "Ọ̀rẹ́ mi kan ló ní kí n yá òun ní àkáǹtì yẹn, kóun gbé áàpù kan síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé gbájú-ẹ̀ ni. Wọ́n ti ti gbogbo ẹ̀ pa."

"Gbogbo ẹ̀ bíi ti báwo?"

"Títí ayé ni wọ́n ní, Ẹ̀gbọ́n. Àti tiyín nínú ẹ̀."

A kọ̀wé sí ìsọ̀ náà, ẹ̀rọ ló ń dá wa lóhùn. Kò sí ẹ̀rí tí a lè mú wá. Lójú wọn, Kúnlé ló ni Palẹ̀mọ́, ọ̀daràn sì ni Kúnlé. Gbogbo èèyàn tó fẹ́ràn géèmù yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ó lọ. Délé jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Èmi ò sunkún lọ́jọ́ yẹn, inú ń bí mi ju kí n sunkún lọ. Mo bú Kúnlé, mo bú ìsọ̀, mo bú ara mi, mo wá bú ẹ̀rọ láílọ́ọ̀nù. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu. Àwa gbọ́ òwe yẹn látìgbà èwe, a sì tún lọ yá ṣòkòtò.

Délé ní òun ń padà sídìí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kó máa lọ. Ó lọ, ó sì padà dé kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó ní àgùntàn ò mú òun lórí yá mọ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni ohun tó yẹ ká ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀. A fi orúkọ ilé iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba: Ojú Irin. A ṣí àkáǹtì báǹkì ní orúkọ yẹn. Ayé ti yí díẹ̀, ìsọ̀ ti ń gba àwọn ará ibí bí ìwé rẹ bá pé, a sì jẹ́ kí ó pé. Lẹ́yìn náà la tún Palẹ̀mọ́ kọ láti ìpìlẹ̀, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ṣeé gbá lórí fóònù, ó ṣeé gbá lórí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹrù yẹn ti wúwo ju orí àwa méjì lọ. Ọjà tó wà nínú ìsọ̀ wọ̀nyẹn pọ̀ bí iyanrìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. A nílò àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá èèyàn gbé géèmù jáde, tí wọ́n á polówó rẹ̀, tí wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, tí wọ́n á sì mú un dé ìsọ̀ tí ọwọ́ wa ò tó.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí wọn. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ gùn bí ìwàásù. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó wá yé mi pé àwọn èèyàn yìí ń gba ìwé bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Mo gé e kúrú: ohun tí géèmù náà jẹ́, fídíò kékeré kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ ti ń bọ̀ kí o tó jókòó dáadáa, àti díẹ̀ nínú géèmù náà fún ìtọ́wò. Wọ́n wá ń dáhùn. Ọ̀kan ní ó dára, àmọ́ ṣé a lè sọ ọjà náà di ọgbà ẹranko? Mo ní kó kí àwọn ẹranko fún mi.

Nígbà tó yá, wọ́n kó àwa tó ń ṣe géèmù jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà, àwọn kan tó ń gbé géèmù jáde sì wá láti òkè òkun. Wọ́n fún oníkálùkù ní tábìlì. Gbogbo tábìlì ló ń pariwo, kálukú ń ṣàlàyé, wọ́n ń làágùn. Mo wo Délé, Délé wò mí, a bu omi sẹ́nu. Ìyáàfin òyìnbó kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé, ó kí wa, a kàn ń mi orí. Ó mú páàdì. Ọkọ̀ gbá a. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn tí mo mọ̀ pé kì í ṣe àdúà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá pè é fún oúnjẹ ọ̀sán, ó juwọ́ pé kí wọ́n máa lọ. Nígbà tó palẹ̀ mọ́ tán tí ọkọ̀ ò fara kan ẹyọ ata kan, ó lu tábìlì, ó yíjú sí wa, ó ní, "Ta ló ṣe é?"

Ìbéèrè tí mo ti ń retí láti kékeré, omi ló wà lẹ́nu mi! Délé sáré gbé tiẹ̀ mì, ó há a lọ́fun, ó ń wúkọ́, ó ń na ìka sí mi, ó ń na ìka sí ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ wá.

Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. A gbé e lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Opebi, Bárísítà Àdùkẹ́, obìnrin tó máa ń ka ìwé bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó kà á tán, ó bọ́ jígí rẹ̀, ó sọ ọ́ ní ṣókí pé: bí a bá fọwọ́ sí i, Palẹ̀mọ́ di tiwọn, orúkọ rẹ̀, ọjà inú rẹ̀, èyíkéyìí tó bá tún ti inú rẹ̀ wá lọ́jọ́ iwájú. Orúkọ wọn ni yóò wà níwájú. Wọ́n á kàn máa fún wa ní ìpín.

Mo ní a ò fọwọ́ sí i. Délé gbaná jẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàánú mi. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ta ló tún ń bọ̀ wá bá wa? Wọ́n ti gbà á mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ tún fẹ́ kó bọ́ ni?"

"Ọmọ tí ìyàwó ẹ bí," ni mo wí, "orúkọ ta ló ń jẹ́?"

"Orúkọ mi ni ń jẹ́."

"Kí ló dé tí kì í jẹ́ orúkọ dẹ́rẹ́bà tó gbé ìyá ẹ̀ lọ sí ọsibítù?"

Ó pòṣé. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnu yín yìí!" Bárísítà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Alágbàtà dára, ẹ wá a, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí alágbàtà di olọ́jà. A kọ èyí tí a fẹ́ sórí ìwé: ẹ bá wa tà á, ẹ gba ìpín yín, tiwa ni géèmù, bí àdéhùn bá sì parí, gbogbo rẹ̀ á padà sílé. A fi ránṣẹ́.

Wọn ò fèsì. Ó pẹ́. Mo ń fi ojoojúmọ́ ṣe bí ẹni tí ara ń tù, ẹ̀rù sì ń bà mí dé ìdí. Bí mo bá rí Délé tó ń gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ojú máa ń tì mí, mo máa ń rò ó pé bóyá agídí mi ti pa wá. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, Délé ka ímeèlì, ó dìde, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo bá a kà á. Wọ́n ti gbà. Gbogbo rẹ̀ bí a ṣe kọ ọ́.

Ọjọ́ tí Palẹ̀mọ́ jáde, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìsàlẹ̀ pa ẹ̀rọ láílọ́ọ̀nù, ohun tí mi ò tíì rí i ṣe rí lọ́jọ́ iṣẹ́. Gbogbo wọn gòkè wá. Ilẹ̀ yàrá wa dákẹ́ bí ilé ẹlòmíràn. A tan géèmù náà lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tí a yá, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, lẹ́tà bá yọ: Ojú Irin, Àgídìngbì. Ràfíátù àti Délé ló ṣe é. Obìnrin tó ń gé láílọ́ọ̀nù kà á sókè. Èmi wólẹ̀, mo foríkanlẹ̀, "Àlùámúdù lílááì!" Délé ń pariwo "Alelúyà!" Àwọn yòókù ń ṣe àmín sí méjèèjì. Mo wá sunkún ọjọ́ náà dáadáa, kò sì tì mí lójú. Kí ọjọ́ náà tó parí, àwọn tó ti gbá ti àkọ́kọ́ ti ń kọ̀wé láti ìlú tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ pé, "Ẹ ti padà dé? A ti ń wá yín." Wọ́n wá wa! A ò sì mọ̀.

Láti ìgbà náà ni Ojú Irin ti di ilé. A ṣe géèmù mìíràn, ó tà. A ṣe òmíràn, kò tà, a jẹ ẹ̀bà sùn. Ẹ ò ní ká máa pa irọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n orúkọ wa wà lórí gbogbo rẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ sẹ́yìn, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan láti Omole, Tóyìn àti Tọ́lá, gbé géèmù tí wọ́n ṣe wá fi hàn mí. Ìyá àgbà kan ló ń lé ẹyẹlé rẹ̀ kiri lórí òrùlé. Mo gbá a, mo jábọ́ lórí òrùlé, inú bí mi, mo tún un gbá. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ó dára.

Mo ní, "Àkáǹtì ta lẹ fẹ́ fi gbé e jáde?"

Tóyìn ní, "Ti ọkọ ẹ̀gbọ́n wa ni, mà. Ìlú òyìnbó ló wà. Ó ní kò sí wàhálà."

Mo ní kí wọ́n jókòó. A ò jẹ́ kí wọ́n dìde títí a fi bá wọn fi orúkọ tiwọn sílẹ̀, tí a ṣí àkáǹtì tiwọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní Ojú Irin yóò bá wọn gbé e jáde, Bárísítà Àdùkẹ́ sì kọ ìwé náà. Gbólóhùn tí mo ní kó fi ṣáájú ni, "Tiyín ni géèmù yìí."

Tọ́lá kà á, ó wò mí. "Kí wá ni tiyín níbẹ̀, mà?"

"Ìpín díẹ̀ nínú èrè," ni mo wí, "àti ariwo. Àwa la máa pariwo."

Nígbà tó ku díẹ̀ kó jáde, Délé wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orúkọ Ojú Irin ló ń tajà báyìí. Bí ó bá ṣáájú tiwọn, ṣé ó burú? Ó máa ràn wọ́n lọ́wọ́." Òótọ́ ló sọ. Ọjà á tà sí i. Ó sì wù mí, mi ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn láti máa rí orúkọ yẹn níwájú. Mo ní, "Délé, àwa la lé ẹyẹlé náà ni?"

Ọjọ́ tí wọ́n tan géèmù náà, yàrá wa kún. Tóyìn àti Tọ́lá di ọwọ́ ara wọn mú. Orúkọ wọn yọ, gàdàgbà gàdàgbà, ó kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti etí dé etí, Tọ́lá sì bú sẹ́kún. Tiwa wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti wọ jígí kí n tó rí i kà. Mo kà á, kò dùn mí rárá, mo bọ́ jígí náà, mo sì sọ fún Délé pé mo ti fẹ̀yìn tì.